Road Glide Limited tàbí Ultra Limited: bí Bàbá Ìbejì àti ìyàwó rẹ̀ ṣe yan alùpùpù ìrìn-àjò wọn

Bàbá Ìbejì ti yan alùpùpù rẹ̀ tán kó tó pè mí. Ultra Limited ti Harley-Davidson ni, ti ọdún 2020, dúdú tó ń dán, tí fairing rẹ̀ (ìyẹn ìbòrí iwájú tó ń dí afẹ́fẹ́) tẹ́ lọ sọ́tùn-ún àti sósì bí ìyẹ́ àdán. Owó ti wà nílẹ̀. Ohun tó fẹ́ kí n ṣe kò ju pé kí n bá a yẹ ẹ́ńjìnnì, táyà àti bíréèkì wò kó tó sanwó. Mo yẹ gbogbo rẹ̀ wò, mi ò rí àbùkù kankan. Síbẹ̀ mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì sanwó, nítorí ohun tí mo mọ̀ nípa èjìká rẹ̀.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló fún mi láyè láti kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ìbéèrè tó wà nídìí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn èèyàn wa tó ń gun alùpùpù ńlá ní Houston níbí máa ń bi mí: irú fairing wo ló dáa jù? Ojú ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń yàn án. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí ẹwà, ohun tí èèyàn máa ná owó tó tó báyìí lé lórí, ó yẹ kó wù ú. Àmọ́ iṣẹ́ fairing ni kó gba afẹ́fẹ́ sára fún ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ibi tí wọ́n sì dè é mọ́ lára alùpùpù ló ń sọ bí afẹ́fẹ́ náà ṣe máa bá onítọ̀hún lò. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí Bàbá Ìbejì kọ́kọ́ wò.

Àwọn tó fẹ́ gùn ún

Bàbá Ìbejì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Kò ga púpọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínṣì 6 ni. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, iṣan kan ya ní èjìká ọ̀tún rẹ̀ níbi tó ti ń gbé ẹrù níbi iṣẹ́, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó ti san débi pé dókítà rẹ̀ kò ní kó má gun alùpùpù. Àmọ́ tó bá fi ọwọ́ yẹn di ohun tó ń fà á mú pẹ́, ìrora á bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn èjìká, á sì máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Nọ́ọ̀sì ni Ìyá Ìbejì. Ó ga ju ọkọ rẹ̀ lọ díẹ̀, òun ló sì máa wà lẹ́yìn nínú èyí tó pọ̀ jù nínú ìrìn-àjò wọn. Àwọn ìbejì ti wọ yunifásítì, ilé ti dá, tọkọtaya náà fẹ́ máa rìn káàkiri.

Ibi tí wọ́n fẹ́ máa lọ kò ṣòro láti mọ̀. Dallas ni àkọ́kọ́, nǹkan bíi máìlì 240 lórí I-45, nítorí òde àti ìpàdé ẹbí. Galveston lẹ́bàá òkun tún wà níbẹ̀ fún ọjọ́ ìsinmi. Èyí tó jìn jù ni Atlanta, nǹkan bíi máìlì 800, níbi tí ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìbejì ń gbé. Ọ̀nà I-10 ni wọ́n máa gbà, láti Beaumont lọ sí Lake Charles, Lafayette, Baton Rouge, kí wọ́n tó máa forí lé ìlà-oòrùn lọ. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yẹn rí mọ̀ pé afẹ́fẹ́ láti inú òkun Gulf máa ń ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kọlù èèyàn. Ní Lake Charles, afárá Calcasieu tí wọ́n ṣí ní 1952 ga, ó dagun, kò sì sí ààyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí èèyàn lè yà sí. (Wọ́n ya ìbọn méjì tó dábùú ara wọn sára irin ẹ̀gbẹ́ afárá náà. Iṣẹ́ ọwọ́ tó dára ni, ẹ wò ó lọ́jọ́ tí ẹ bá wà nínú mọ́tò.) Lẹ́yìn Lafayette ni afárá Atchafalaya wá, máìlì 18 lórí òpó láàárín irà, tí àwọn tírélà ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ èèyàn kọjá. Irú ọ̀nà tí èjìká Bàbá Ìbejì máa dojú kọ nìyẹn.

Lára fọ́ọ̀kì tàbí lára férémù

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà de fairing mọ́ alùpùpù ìrìn-àjò. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n dè mọ́ fọ́ọ̀kì, ìyẹn irin méjì tó di táyà iwájú mú, tó máa ń yí pẹ̀lú hándù. Harley ti ń lo irú èyí tí wọ́n ń pè ní batwing (ìyẹ́ àdán) láti 1969 lórí Electra Glide, òun náà ló sì wà lórí Ultra Limited. Ìkejì ni èyí tí wọ́n dè mọ́ férémù, ìyẹn egungun alùpùpù náà. Èèyàn lè yí hándù lọ yí i bọ̀, fairing náà kò ní mì. Tour Glide ti 1980 ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Harley, Road Glide sì gba ipò rẹ̀ láti ọdún 1998. Iná iwájú méjì tó wà lára rẹ̀ àti imú rẹ̀ tó yọ síta ló jẹ́ kí wọ́n máa fi ẹja ekurá pè é.

Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ti pinnu èyí tó wù wọ́n tipẹ́. BMW gbé R100RS lọ sínú ihò afẹ́fẹ́ Pininfarina ní Ítálì, níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọkọ̀ láti dán an wò, kí wọ́n tó gbé e jáde ní 1976, lára férémù ni fairing rẹ̀ wà. Windjammer tí Craig Vetter ń ṣe fún oríṣiríṣi alùpùpù lásìkò yẹn kan náà, lára férémù ni wọ́n ń dè é mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Honda Gold Wing láti ìgbà tí Interstate ti jáde ní 1980. Indian ní tirẹ̀ ń ṣe méjèèjì: Chieftain wà lára fọ́ọ̀kì, Challenger wà lára férémù.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀ràn Bàbá Ìbejì yé mi kedere ni pé lọ́dún 2020 Harley ṣe alùpùpù méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ́ńjìnnì Milwaukee-Eight 114, tó jẹ́ 1868 cc, ló wà nínú Ultra Limited, òun náà ló wà nínú Road Glide Limited. Férémù kan náà, tánkì gálọ́ọ̀nù 6 kan náà, àpótí ẹ̀yìn kan náà pẹ̀lú ibi tí ẹni ẹ̀yìn ń fẹ̀yìn tì. Fairing ló ya wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó bá gun méjèèjì lójú ọ̀nà kan náà lọ́jọ́ kan náà ti dán fairing wò nìyẹn, kò ní sí pé bóyá ẹ́ńjìnnì ló fa ìyàtọ̀ tó rí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ ń ṣe. Tó bá kọlu fairing tó wà lára fọ́ọ̀kì, fọ́ọ̀kì ló kọ́kọ́ tì. Fọ́ọ̀kì bá yí díẹ̀, hándù yí pẹ̀lú rẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ń gùn ún ló sì máa dá a padà. Díẹ̀ ni, kò tó ohun tó ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n kì í dẹ́kun ní gbogbo ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́. Tó bá kọlu fairing tó wà lára férémù, alùpùpù lódindi ló máa tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, hándù kò sì ní í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ sí i. Ẹni tó ń gùn ún á rọra fara tẹ̀ ẹ́, á sì máa lọ. Ẹni tí èjìká rẹ̀ le dáadáa lè má ka ìyàtọ̀ yìí sí nǹkan. Èjìká Bàbá Ìbejì kì í ṣe irú bẹ́ẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń tà á, ẹni tó ń dá wọn lóhùn sọ fún un pé ohun tó wúwo tó yẹn, afẹ́fẹ́ kankan kò lè rí i gbé ṣe. Lóòótọ́ ni pé àwọn méjèèjì ju 400 kg lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú, nítorí ó dún bí òótọ́ sí etí ẹni tí kò mọ̀. Ìwọ̀n alùpùpù ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé e kúrò lójú ọ̀nà tó wà. Ṣùgbọ́n tí alùpùpù bá ti ń sáré, ọwọ́ kan tó rọra tẹ hándù ló ń yí i, ohun tí ọwọ́ kan lè yí, afẹ́fẹ́ náà lè yí i.

Wọ́n jẹ́ kó gùn ún wò o. Àyíká ilé ìtajà náà ni wọ́n ní kó yí, òun nìkan, láì gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn, lójú ọ̀nà tí wọn kì í ti í sáré ju máìlì 35 ní wákàtí kan lọ. Lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kò sí fairing tí kò dára.

Lórí afárá Galveston

Mo ní ká háyà méjèèjì. Ó ń náni lówó díẹ̀, ṣùgbọ́n owó háyà ọjọ́ kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó alùpùpù. A mú ọjọ́ kan nínú oṣù March tí wọ́n ti kéde pé afẹ́fẹ́ máa fẹ́ gan-an, nítorí ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́ kò lè kọ́ wa ní nǹkan kan. Ìyá Ìbejì wà lẹ́yìn, ẹrù tí wọ́n máa ń gbé lọ sí òde wà nínú àpótí. A gba I-45 lọ sí gúúsù, a gun afárá tó wọ erékùṣù Galveston, a rìn lórí Seawall lẹ́bàá òkun, a sì gba ibẹ̀ padà. Èmi ń gun tèmi bọ̀ lẹ́yìn wọn.

Ultra Limited ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Títí a fi kúrò láàárín ìlú, kò sí wàhálà. Nígbà tí a dé orí afárá tí omi wà lọ́tùn-ún lósì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i láti ẹ̀yìn: tí afẹ́fẹ́ bá ti rọ́ wá, imú alùpùpù náà á yẹ̀ díẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún Bàbá Ìbejì á gbé sókè, á tún wálẹ̀. Tírélà kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìgbọ̀nwọ́ yẹn tún gbé sókè lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a dúró lórí Seawall, kó tó bọ́ àṣíborí ló ti ń fi ọwọ́ òsì ra èjìká ọ̀tún. Mo bi í pé báwo ni. Ó ní, “Kò burú.” Ìyàwó rẹ̀ wò ó lójú, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ sọ òótọ́ fún bọ̀dá.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìyá Ìbejì ní ìjókòó náà tu òun lára. Afẹ́fẹ́ kò dà á láàmú. Ó ní tó bá jẹ́ tòun nìkan ni, kí wọ́n lọ san owó náà lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n gbé Road Glide Limited, lójú ọ̀nà kan náà, afẹ́fẹ́ sì ti le sí i. Lórí afárá, ìgbọ̀nwọ́ Bàbá Ìbejì kò gbéra. Mo rí i pé alùpùpù náà ń sún díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá rọ́ wá, tó sì ń padà sípò, hándù ń lọ tààrà. Inú mi dùn débi pé mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò tíì parí. Nígbà tí a dúró láti ra epo, Ìyá Ìbejì sọ̀ kalẹ̀, ó di orí mú. “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé bí wọ́n ṣe ṣe eléyìí nìyí? Afẹ́fẹ́ ń gbá mi lórí láti ìgbà tí a ti kúrò ní Galveston. Ọrùn ń ro mí.” Ọkọ rẹ̀ náà gbà pé ariwo inú àṣíborí òun pọ̀ ju ti àárọ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe dúró sí ìdí ẹ̀rọ epo nìyẹn, tí èjìká ọkọ fẹ́ ọ̀kan, tí ọrùn ìyàwó fẹ́ èkejì.

Èmi kì í fojú kéré ọ̀rọ̀ ẹni ẹ̀yìn. Mo ti rí ọ̀pọ̀ alùpùpù tí wọ́n tà lẹ́yìn ọdún kan péré nítorí ìyàwó kò gùn ún mọ́, ọkọ kò sì fẹ́ dá rìn.

Ohun tó ń gbá wọn lórí

Fairing batwing sún mọ́ àyà ẹni tó ń gùn ún, gíláàsì iwájú rẹ̀ kò sì jìnnà sí àṣíborí. Afẹ́fẹ́ tó bá gba orí gíláàsì yẹn kọjá kò ní ààyè púpọ̀ láti padà wálẹ̀ kó tó kọjá lórí èèyàn. Ti Road Glide jìnnà síwájú. Afẹ́fẹ́ kọjá lórí gíláàsì, ó rí ààyè, ó yí bírí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sórí àwọn tó jókòó. Ẹni ẹ̀yìn ló sì ń rí i jù, nítorí ó ga, ó tún jìnnà sẹ́yìn sí i. Ohun mìíràn tó dá kún un ni pé ẹ̀yìn gíláàsì máa ń ṣófo afẹ́fẹ́ nígbà tí eré bá pọ̀, afẹ́fẹ́ òde á sì máa já wọlé láti kún ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Harley fi la ihò sí batwing lọ́dún 2014, tí Road Glide tí kò jáde lọ́dún yẹn sì padà dé ní 2015 pẹ̀lú ihò mẹ́ta níwájú. Ihò yẹn ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ wọlé tààrà kó lè dín èyí tó ń já wọlé láti òkè kù.

Mo wo ihò èyí tí a háyà. Wọ́n ti dé gbogbo rẹ̀ pa. A ṣí wọn, wọ́n tún gùn ún díẹ̀ lórí I-45. Ti Bàbá Ìbejì dín kù dáadáa. Ti ìyàwó rẹ̀ dín kù, ṣùgbọ́n kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ìgbà náà ni mo ní kí wọ́n fi ara wọn wọ̀n ọ́n. Ọ̀nà yìí kò náni ní kọ́bọ̀, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra gíláàsì iwájú tuntun ló sì yẹ kó kọ́kọ́ ṣe é. Ní ìwọ̀n eré tí ariwo ti pọ̀ jù, ẹ rọra na ọrùn sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fetí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ rọra sún kalẹ̀. Tó bá jẹ́ pé nígbà tí ẹ nara ni ariwo dín kù, gíláàsì yẹn ga jù fún yín, ẹ lọ wá èyí tó kúrú. Tó bá jẹ́ nígbà tí ẹ sún kalẹ̀ ni, ó kúrú jù. Ẹni ẹ̀yìn lè tún na àtẹ́lẹwọ́ sókè lórí àṣíborí ara rẹ̀ láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ tó ń yí bírí ti parí, tí èyí tó ń lọ tààrà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì rí ìdẹ̀ra nígbà tí wọ́n sún kalẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé wọ́n nílò kí afẹ́fẹ́ gba òkè sí i.

Ọ̀pọ̀ á sáré lọ ra gíláàsì tó ga lójú ẹsẹ̀. Mi ò fẹ́ ìyẹn fún ẹni tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínṣì 6. Orí gíláàsì ló yẹ kí èèyàn máa gbà wo ọ̀nà, kì í ṣe inú rẹ̀. Kí etí òkè rẹ̀ wà ní nǹkan bí ọ̀gangan imú, nítorí tí òjò bá rọ̀ lóru, tí iná mọ́tò tó ń bọ̀ sì tàn sára ìkán omi, ẹni tó ń wo ọ̀nà láti inú gíláàsì kò ní rí nǹkan kan. Ohun tí mo ní kó rà ni èyí tí ètè òkè rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn tó tún fẹ́ sókè. Ètè yẹn ń ju afẹ́fẹ́ sókè kọjá ibi tí gíláàsì fúnra rẹ̀ ga dé, láì dí ojú.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò gbọ́dọ̀ fò. Nígbà tí àwọn méjèèjì jókòó, ẹ̀yìn alùpùpù náà lọ sílẹ̀ jù, torí pé wọ́n ti tò ó fún ẹnì kan. Tí ẹ̀yìn bá lọ sílẹ̀, imú á gbé sókè, gíláàsì iwájú á dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó lọ sókè á wá máa gba ọ̀gangan orí. Iná iwájú náà á máa tàn sí ojú àwọn tó ń bọ̀. Kọ́ńkọ́ kan wà lára ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn lápá òsì, tí èèyàn ń fi ọwọ́ yí. Mo yí i títí ẹ̀yìn fi gbéra bó ṣe yẹ. Nígbà tí wọ́n tún gùn ún, Ìyá Ìbejì ní, “Hẹ̀n-ẹ́n, bọ̀dá, èyí ti yàtọ̀.” A kò tíì pààrọ̀ gíláàsì rárá nígbà yẹn o.

Ìbéèrè nípa Gold Wing

Kí wọ́n tó pinnu, mo ní kí wọ́n wo Honda Gold Wing Tour, nítorí mi ò lè fi òótọ́ pa mọ́ fún ẹni tí mo fẹ́ràn. Lára férémù ni fairing rẹ̀ wà. Gíláàsì iwájú rẹ̀ ń lọ sókè sódò pẹ̀lú bọ́tìnnì, nítorí náà ìjà láàárín ọrùn ìyàwó àti ojú ọkọ lè parí láàárín ìṣẹ́jú kan lójú ọ̀nà. Láti 2018 ni wọ́n ti yí iwájú rẹ̀ padà, tó fi jẹ́ pé kòtò tí táyà bá bọ́ sí kì í dé ọwọ́ bíi ti fọ́ọ̀kì. Kò wúwo tó Limited méjèèjì, ó sì tún ní rìfáàsì. Fún ẹni tí èjìká rẹ̀ kò lè ti ohun tó ju 400 kg sẹ́yìn lórí ilẹ̀ tó dagun, rìfáàsì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn. Tó bá jẹ́ èjìká nìkan ni wọ́n fẹ́ fi ra alùpùpù, Gold Wing ni mo máa ní kí wọ́n rà, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ìyá Ìbejì ló rí ohun tí kò bá a mu. Ó gbé ọ̀tọ́-gèlè rẹ̀ wá, èyí tí wọ́n ti wé sílẹ̀ tí a kò lè ká, ó sì fi sínú àpótí ẹ̀yìn Gold Wing ti 2018 tí a lọ wò. Lítà 50 ni àpótí yẹn. Gèlè kan wọlé, kò sí ààyè fún nǹkan mìíràn. Láti 2021 ni Honda ti sọ àpótí náà di lítà 61, àmọ́ èyí tí a rí tó jẹ́ ti ọdún yẹn ju owó tí wọ́n ní lọ dáadáa, wọn kò sì fẹ́ yá owó nítorí alùpùpù nígbà tí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ méjì ń dúró. Mo fara mọ́ wọn. Gèlè méjì àti fìlà Bàbá Ìbejì wọ inú àpótí Road Glide Limited láì fún pa.

Ohun tí wọ́n rà

Road Glide Limited ti 2020 ni wọ́n rà. Owó rẹ̀ kò jìnnà sí ti Ultra tó kọ́kọ́ wù ú. Ó dùn ún díẹ̀ láti fi iwájú batwing sílẹ̀, ó sọ ọ́ fún mi, mi ò sì bá a jiyàn.

Ooru kò sí nínú ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó yẹ kí n sọ ọ́, nítorí Houston ni a wà. Lórí Limited méjèèjì yìí, rédíátọ̀ wà nínú fairing kékeré tó bo ẹsẹ̀. Àwọn kan máa ń yọ irú fairing ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò nígbà ẹ̀rùn kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí wọn lẹ́sẹ̀. Lórí ìwọ̀nyí kò ṣeé yọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn kékeré tó wà lára rẹ̀ ni kí èèyàn ṣí sílẹ̀.

Ohun tó gba ìsapá jù lẹ́yìn tí wọ́n rà á ni ìwakọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ fairing tó ń yí pẹ̀lú hándù máa ń ní ìṣòro lórí Road Glide níbi ìgbọ́kọ̀sí: èèyàn ti yí hándù dé òpin, ṣùgbọ́n imú ńlá tó wà níwájú rẹ̀ ṣì kọjú síbi kan náà, ojú á sì máa tan ọwọ́ jẹ. Iná iwájú pàápàá kì í yí tẹ̀ lé hándù. Lóru, níbi kọ́nà tó há, iwájú gan-an ló máa tan ìmọ́lẹ̀ sí, ibi tí èèyàn fẹ́ yà sí á ṣókùnkùn. Mo mú Bàbá Ìbejì lọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ tí kò sí ìsìn. Mo ní kó gbójú kúrò lára fairing pátápátá, kó máa wo ibi tó ń lọ, kó fi bíréèkì ẹ̀yìn àti kọ́lọ́ṣì ṣe é. Ó yí òbíríkítí, ó tún yí òmíràn, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Mo tún ní kó má ṣe fi imú alùpùpù náà kọjú sí ìsàlẹ̀ nígbàkígbà tó bá fẹ́ gbé e sílẹ̀, kó má baà di pé ó ń fi èjìká fà á sẹ́yìn sókè. Ìyá Ìbejì gbọ́dọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ kó tó tì í rárá.

Wọ́n ti gbé e lọ sí Dallas, wọ́n sì ti padà. Èjìká kò dùn ún nígbà tí wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń bọ̀ ó ní ó ro òun díẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n wọ Houston, ó sì dúró sinmi. Àwọn méjèèjì ń fi ohun ìdíwọ́ ariwo sétí báyìí, Ìyá Ìbejì ló fi dandan lé e, ó ní òun kò tọ́jú etí àwọn aláìsàn kí òun wá dití. Gíláàsì tí ètè rẹ̀ fẹ́ sókè ti dé, mo ti bá a wọ̀ ọ́, mo sì ti fi bébà kékeré kan mọ́ inú ìdérí àpótí ẹ̀yìn: iye ìgbà tí wọ́n máa yí kọ́ńkọ́ ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n bá jẹ́ méjì, iye tí wọ́n máa dá a padà tó bá jẹ́ òun nìkan, àti afẹ́fẹ́ táyà. Ti Atlanta ló kù. Mo ní kí wọ́n gbé àṣíborí tó bo gbogbo ojú, nítorí Louisiana kì í ṣe Texas, òfin ibẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gun alùpùpù láì dé àṣíborí. Mo sì ní kí wọ́n gba afárá Calcasieu láàárọ̀ kùtù, kí afẹ́fẹ́ òkun tó dìde.